Bírò Pupa Bàbá Ìsàlẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò èdè Òyìnbó kí n tó mọ ohun tó ń bá mi jà. Kì í ṣe pé mi ò lè sọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ fún àwọn dókítà lójoojúmọ́ ní ọsibítù aládàáni tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ohun tí mò ń sọ sì ń yé wọn. Kì í ṣe pé mi ò lè kà á. Ìwé kíkọ ló ń dá mi padà, níbẹ̀ náà sì rèé, àṣìṣe kan ṣoṣo ló ń lúgọ dè mí: àwọn ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó kì í kà ní ẹyọ kan, ẹyọ méjì. Furniture. Luggage. Equipment. Advice. Information. Gbogbo wọn ni mo máa ń fi lẹ́tà s sí nídìí, bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé èdè tiwa kò ní s yẹn rárá. Àga kan, àga mẹ́wàá. Ẹrù kan, ẹrù ogún. Ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà. Àwa ló yẹ kó rọrùn fún jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní nǹkan nílé, tó bá débi tí wọ́n ti ń pín in, ṣe ló máa ń bù ú jù. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi s náà lé wa lọ́wọ́, wọ́n fi pàṣán tì í lẹ́yìn, láti ìgbà náà ni a ò sì ti jẹ́ kó sinmi.

Kí ẹ má rò pé eré ni mò ń ṣe o. Ọkọ mi àti ọmọ wa kan ṣoṣo ti wà lókè òkun láti ọdún mẹ́ta. Ọkọ mi lọ kàwé, ó mú ọmọ dání, àdéhùn wa sì ni pé n óò fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá wọn láàárín oṣù mẹ́fà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin mi nígbà yẹn. Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ènìyàn ni. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ "ẹ" fún, ó ń sọ ọ́ fún ológbò àwọn aládùúgbò wa pàápàá. "Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ má jẹ ẹja wa." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lé ológbò.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan níbẹ̀ ti gbà láti fún mi níṣẹ́, àfi kí n mú èsì ìdánwò yẹn wá. Wọ́n dúró dè mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró dè mí lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé pé bí mi ò bá mú un wá kí oṣù méjì tó pé, àwọn á fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ní ọsibítù ni mo ti ka lẹ́tà náà lórí fóònù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Ìgbà náà ni mo tọ Bàbá ìsàlẹ̀ lọ. Ilé alájà mẹ́ta ni ilé wa ní Festac, èmi ń háyà lókè pátápátá, àwọn ló ni fúláàtì ìsàlẹ̀. Ìgbà tí ìjọba ń pín ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gbà á, nígbà tí ẹ̀rọ omi ṣì ń yọ omi fúnra rẹ̀. Lẹ́tà kíkọ ni Bàbá fi gbogbo ayé wọn ṣe ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ọ̀gá á sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, Bàbá á fi Gẹ̀ẹ́sì dídán gbé e jáde. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú wọn ọ̀tún kò sì ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n bí àdúgbò bá fẹ́ kọ̀wé sí àwọn oníná, tàbí tí ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ̀ wọn la ń lọ.

Mo kúnlẹ̀, mo rojọ́ mi. Mo sunkún díẹ̀ pẹ̀lú, n kò ní í purọ́.

"Nọ́ọ̀sì, dìde," ni Bàbá wí. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Máa bọ̀ ní agogo mẹ́rin lójoojúmọ́ tí o ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Mú nótúbúùkù ńlá kan dání. Bírò pupa, mo ní."

Orí fàráńdà wọn la ti ń ṣe é. Bàbá á pe lẹ́tà, èmi á kọ ọ́, n óò gbé e fún wọn, wọn óò sún un mọ́ ojú òsì títí tí ìwé náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn, bírò pupa á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ní ọjọ́ tí a débi àwọn ọ̀rọ̀ tí a kì í kà, wọn ò ṣí ìwé kankan. Wọ́n ní kí n lọ bu ìrẹsì ìkúnwọ́ kan wá láti kíṣìnnì.

"Tọ́ka sí ọ̀kan níbẹ̀, kí o sọ pé eléyìí ni mo fẹ́, èyí tó kù kọ́."

Mo tọ́ka. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ta ló máa se ìyẹn jẹ? A kì í ka ìrẹsì, àpò rẹ̀ la ń kà. A kì í ka omi, kẹ́ẹ̀gì la ń kà. Furniture náà, ìrẹsì ni. Àga la ń kà, tábìlì la ń kà. Equipment, ìrẹsì ni. Luggage, ìrẹsì ni."

Ìyàwó wọn, Màmá, pariwo láti inú ilé pé ìrẹsì òun tó dà sílẹ̀ ńkọ́, ta ló máa ṣa á. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lórí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, s ti kúrò nídìí àwọn mẹ́ta yẹn pátápátá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa. Mo tilẹ̀ ra ẹ̀wù òtútù kan, mo fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Advice àti information ló wá kù. Gbogbo lẹ́tà tí Bàbá ń pè ni wọ́n máa ń fi ìdúpẹ́ parí, pé a dúpẹ́ fún ìmọ̀ràn yín àti àlàyé yín. Mo kọ méjèèjì láìfi s sí i. Bírò pupa dé, ó fi s sí i. Mo rò pé ojú wọn ló fà á. Lọ́jọ́ kejì, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé eléyìí náà kì í ṣe ìrẹsì ni?"

"Nọ́ọ̀sì! Ta lò ń kọ̀wé sí?"

"Ọ̀gá ni, sà."

"Ehn. Ṣé ìmọ̀ràn ẹyọ kan ni ọ̀gá fi ṣe ọ́ lóore? O fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé? Tó bá jẹ́ tàgbà, a máa ń jẹ́ kó pọ̀. Ogójì ọdún ni mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn ńláńlá, kò sẹ́ni tó dá a padà fún mi rí."

Ó yé mi. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀, ó yé mi jù. Àwa tí à ń sọ "ẹ" fún ẹnì kan ṣoṣo, tí à ń pe ẹnì kan ṣoṣo ní "wọ́n", bí mo ṣe ń pe Bàbá látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, báwo la ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tí kò pọ̀ kí ọ̀gá? Bàbá ti gbé "ẹ" tiwa wọ inú èdè Òyìnbó, "ẹ" náà sì ti ń gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún láìsí ẹni tó lé e jáde.

Mo yẹ ìwé wò. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà kan níbi iṣẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi pàápàá lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Mọ́mì, kò sí s níbẹ̀ o. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: ìbáà jẹ́ ọba lò ń kọ̀wé sí, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọ̀rọ̀ náà kò gba s. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, mo ní n óò mú un lọ fún Bàbá ní agogo mẹ́rin. Mo dé orí àtẹ̀gùn ìkẹyìn, mo rí wọn lórí àga, wọ́n ti ki bírò náà bọ àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń wo ọ̀nà mi. Mo ká ìwé pélébé náà sínú ọwọ́.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà kì í purọ́, wọ́n lè ṣèèṣì ni, wọn kì í sì í ṣèèṣì lójú ọmọdé. Ìyá mi lè gbá ọmọ létí nítorí pé ọmọ sọ pé "kì í ṣe bẹ́ẹ̀" sí àlejò tó dàgbà. Mo ti lé lọ́dún márùndínlógójì, mo ń gún àwọn géńdé lábẹ́rẹ́, mo ń pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n yí ìdí padà. Síbẹ̀, ẹnu mi kò lè là níwájú Bàbá yẹn.

Màmá ni mo lọ fọ̀rọ̀ lọ̀. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọn ò gbójú sókè.

"Ọmọ mi, látìgbà tí ojú yẹn ti ń yọ Bàbá lẹ́nu, wọn kì í dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó di ọ̀sán. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ní báyìí, agogo mẹ́ta ni wọ́n ti ń wẹ̀. Ṣé o rí i pé ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là ni wọ́n ń wọ̀? Nítorí tìẹ ni. Jọ̀ọ́, má bà á jẹ́ fún wọn. Tó o bá dé ibi ìdánwò, kọ èyí tó o mọ̀. Ta ló máa sọ fún wọn?"

Ó dà bí ọgbọ́n létí mi. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Mo wá dá a sí méjì: nísàlẹ̀, n óò máa fi s sí i, lókè, nínú yàrá mi, n óò máa yọ ọ́ kúrò. Ohun tí Màmá kò mọ̀, tí èmi náà kò sì mọ̀, ni pé ọwọ́ kò mọ ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí òkè. Lẹ́tà mẹ́ta, mẹ́rin ni Bàbá ń pè lóòjọ́. Lókè, ó ti máa ń rẹ̀ mí kí n tó kọ ẹyọ kan. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, èwo ni ọwọ́ máa mọ̀ jù nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo tètè jáde. Mo gba Mile 2 kọjá láàárín àwọn tírélà, mo dé Ìkẹjà kí wọ́n tó ṣí géètì. Wọ́n kó wa sínú gbọ̀ngàn kan tó tutù bí inú fíríìjì. Nígbà tó kan ìwé kíkọ, wọ́n ní ká kọ lẹ́tà sí obìnrin kan tó ń bójú tó ilé ìkàwé, ká béèrè ohun tá a nílò lọ́wọ́ rẹ̀, ká sì dúpẹ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Lẹ́tà Bàbá gan-an ni. Ṣe ni pẹ́ńsùlù ń sáré lórí ìwé, ó dà bíi pé mò ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń wúkọ́ kí wọ́n tó pe gbólóhùn tó kàn.

Ó ku díẹ̀ kí àkókò pé ni mo tún un kà. Informations wà níbẹ̀ ní ibi mẹ́ta. Advices wà ní ibi méjì. Mo wò wọ́n, wọ́n wò mí. N kò rántí pé mo kọ wọ́n. Mo gbá rọ́bà mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́, ìwé náà fà ya níbì kan. Mo mú mẹ́ta kúrò nínú márùn-ún. Nígbà tí mo ń ṣe ìyẹn, àròkọ kejì wà níbẹ̀ láìní ìparí. Wọ́n ní ká gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Mo jáde, mo jókòó sórí bíríkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Obìnrin náà fún mi lómi kan, kò bi mí ní nǹkan kan.

Èsì jáde. Àlàfo tó kéré jù lọ tí ènìyàn lè fi fìdí rẹmi ni mo fi fìdí rẹmi. Mo kọ̀wé sí ilé ìtọ́jú náà, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní ó dun àwọn, àwọn ti mú ẹlòmíràn. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Ó ní, "Kò burú, a máa tún un gbìyànjú." Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ó burú. Mo bínú sí i. Mo bínú sí Òyìnbó àti èdè rẹ̀. Mo bínú sí Bàbá débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà wọlé kí wọ́n má baà rí mi. Mo bínú sí ara mi jù gbogbo wọn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Bàbá rán Màmá sí mi. Mo sọ̀ kalẹ̀. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì oníkọ́là.

"Nọ́ọ̀sì, rìsọ́ọ̀tì ti jáde?"

"Ó ti jáde, sà. Mi ò yege."

"Kí ló fà á?"

"Àkókò ni ò tó mi, sà."

Wọ́n gba nótúbúùkù mi, wọ́n ń ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé e súnmọ́ ojú òsì, wọ́n ń wá ibi tí a ti kùnà. Ó dùn mí ju èsì náà lọ. Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi fi dún. Ọmọ mi ni, ó fẹ́ ká máa wo ojú ara wa. Mo gbé e lé orí tábìlì, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ti sọ ọjọ́ tí n óò dé. Bàbá wà níbẹ̀, mo wá fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, mo ní wọn ò tíì fún mi ní informations kankan.

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì! Kò sí s níbẹ̀! Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ìdánwò tó dé!" Ó ní kí n dúró, òun fẹ́ lọ mú àwòrán kan tí òun yà wá. Ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ògiri yàrá wọn nìkan ló kù.

Bàbá pa nótúbúùkù náà dé.

"Ó ní òun ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O mọ̀, o wá ń kọ ohun tí mo wí."

"Ẹ má bínú, sà. Àgbà ni yín."

"Àgbà ni mí," ni wọ́n wí. Wọ́n wo ìta títí. "Àwọn ọ̀gá tí mo kọ̀wé fún yẹn, ṣé àwọn náà mọ̀?"

Màmá ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún padà wọlé.

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi nìkan lo jẹ́ kó gbọ́n, Nọ́ọ̀sì. Wo ibi tó gbé wa dé." "Ṣé ọ̀wọ̀ nìyẹn? Kí o máa wò mí kí n fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò mọ̀gbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n yọ bírò pupa lápò, wọ́n ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n sì na bírò náà sí mi.

"Yọ wọ́n kúrò. Kí n máa rí i."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sí wọn. Mo ti dé ojú ìwé kẹta nígbà tí ojú ọmọ mi padà dé, ó gbé àwòrán rẹ̀ sókè: ilé, igi, àti ènìyàn mẹ́ta tí ọwọ́ wọn so pọ̀. Ó ti gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ. Yorùbá ló fi béèrè, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń kọ́ ọ.

"Mọ́mì, ìgbà wo lo máa wá?"

"Lo", kì í ṣe "lẹ". Ọmọ tó ń sọ "ẹ" fún ológbò. Bàbá gbé orí sókè, wọ́n wo bírò pupa tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń retí pé kí n tún un ṣe fún un.

Mo ní kó tún un sọ.

Ó tún un sọ, bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ gan-an. Mo gbọ́ ọ dáadáa, mi ò tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀.